Inṣa Allahu Tí Mo Gbé Wọ Igbó Bí-O-Ti-Ń-Lò-Ó

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ kírun Àlàásàrì tán tí ẹ kò tíì fẹ́ dìde lórí ẹní, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí ó bá ń ka tẹ̀sùbáà, kí ó parí rẹ̀ kí ó tó fetí sílẹ̀, nítorí pé ẹnu kan kì í jẹ iyán kó tún fọn fèrè. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni ó gbé mi dé ibẹ̀, ojú mi méjèèjì yìí ni ó rí i, ìtìjú rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi títí di òní olónìí. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Mo ti rí àwọn tí ó ju yín lọ tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí wọn.

Rájí ni orúkọ mi, Àdìgún ni oríkì mi, ọmọ Ìdí-Emi ni mí. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tí ó bí i lọ́mọ, mùsùlùmí sì ni gbogbo wa. Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, lemọ́mù pe ìrun sí mi ní etí ọ̀tún, bàbá mi sì fi ayọ̀ yìnbọn ní ẹ̀bá etí òsì. Àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ etí òsì yẹn ni mo fi ń gbọ́ wáàsí láti ìgbà náà. Síbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí kò sí lẹ́nu mi. Bí mo bá fẹ́ kọlu iyán, Bisimilai. Bí mo bá yó tí mo gùfẹ̀, Alihamudulilahi. Bí mo bá ń pa irọ́ ọdẹ, wallahi ni mo fi ń dè é lókùn kí ó má bàa tú. Bí ìyàwó mi bá ń rojọ́, "Ṣe sùúrù" ni mo fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀gá gbogbo wọn wá ni Inṣa Allahu, ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bẹ̀ mí ní ohun tí n kò fẹ́ ṣe. "Bẹ́ẹ̀ kọ́" a máa dun ènìyàn, "bẹ́ẹ̀ ni" a sì máa gba iṣẹ́. Inṣa Allahu kì í dunni, kì í sì í gba iṣẹ́.

Sífáwù Àbẹ̀kẹ́ ni ìyàwó mi, ó ń hun ẹní, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu mi lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn síta kí n tó rojọ́ mọ́ ara mi. Òrùlé wa ń jò ní ibi tí ó ti ń hun ẹní, gẹ́lẹ́ lókè orí rẹ̀. Ó ní, "Àdìgún, ilé ń jò." Mo ní, "Lọ́la, inṣa Allahu." Òjò ọdún kìn-ín-ní rọ̀, Sífáwù gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òjò ọdún kejì rọ̀, ó gbé ìkòkò síbẹ̀. Òjò ọdún kẹta kò béèrè abọ́, kò béèrè ìkòkò. Ó gba àárín òrùlé wọlé, ó sì já lé ẹní aláràbarà tí Sífáwù ti ń hun fún oṣù méjì gbáko. Sífáwù kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo, ara ì bá tù mí. Ó fún omi kúrò lára ẹní náà, ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e rù, ó sì kọjá lára mi lọ sí ilé bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni Ààfáà Sànúsí, àgbàlagbà tí ó ń ṣe wáàsí fún wa ní mọ́sálásí. Mo sáré lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ààfáà ní, "Rájí, ọmọ mi ní òun kò ṣe mọ́. Ó ní kí n tú yìgì yín."

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi. Mo máa tún òrùlé náà ṣe, inṣa Allahu!"

Ààfáà gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ó tún sọ ọ́! Iwájú mi níbí ló ti tún sọ ọ́! Rájí, kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Bàbá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé... kí ọkàn ẹni tí ó ń bẹ̀ mí balẹ̀, kí ó máa lọ ilé rẹ̀."

Àgbàlagbà náà wò mí títí. Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀, ara òpó ni o máa ń fẹ̀yìn tì tí wàá fi hanrun. Ó dáa. Ohun tí etí kọ̀, ẹsẹ̀ ni yóò lọ gbé e wá. Igbó kan wà lẹ́yìn òkè wa yìí, Igbó Bí-O-Ti-Ń-Lò-Ó. Àwọn ànjọ̀nú tí wọ́n gba ẹ̀sìn ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, lemọ́mù wọn sì wà ní àárín rẹ̀. Òní ni Àtìní. Bí o bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí o fi lé ọmọ mi jáde nílé, tí o sì wá sọ ọ́ fún mi níhìn-ín kí a tó kírun Jímọ̀, mo máa bá ọ bẹ̀ ẹ́. Bí Jímọ̀ bá kọjá, màá pe ẹlẹ́rìí méjì, màá tú yìgì." Mo gbójú sókè, mo rí Sífáwù lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọjà tí kò ní rà. Mo gbé ìbọn mi, mo gba ọ̀nà igbó lọ.

Ní àárọ̀ Àtàlátà ni mo dé ẹnu ibodè. Ànjọ̀nú kan jókòó síbẹ̀, ó ní etí mẹ́ta lápá ọ̀tún, ó ní mẹ́ta lápá òsì, ó gbé wàláà lé itan, ó sì mú gègé dání bí ọmọ ilé kéú. Etímẹ́fà ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ sálámà mi, ó sì ní, "Ìwọ ta ni, tí o gbé ẹsẹ̀ aláìnítumọ̀ wá sí igbó onítumọ̀?"

Ẹ̀yin náà mọ ọdẹ, tí wọ́n bá ti bi í ní orúkọ, ìtàn ni yóò fi dáhùn. Mo gbá àyà, mo ní, "Èmi ni Rájí, akọni inú ọdẹ, tí mo fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n mẹ́ta, wallahi!"

Ó fi gègé kọ ọ́ sí wàláà: "Irọ́."

Ó yà mí lẹ́nu. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìwọ fúnra rẹ ni o sọ fún mi. O ní wallahi. Nínú igbó yìí, bí o bá ti ń lo ọ̀rọ̀ ní ilé rẹ ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ fún ọ níhìn-ín. Orúkọ Ọlọ́run tí ènìyàn fi í búra kí òtítọ́ lè fìdí múlẹ̀, ìwọ fi ń ti irọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé irọ́ ni ó ti ṣíwájú rẹ̀."

Mo ní, "Ó dáa, ẹfọ̀n kan ni. Ó sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Rájí ni orúkọ mi, wallahi!"

Etímẹ́fà mí kanlẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí wàláà. "Ó mà ṣe o. Nígbà náà, orúkọ rẹ kì í ṣe Rájí. Kì-í-ṣe-Rájí ni a óò máa pè ọ́ níhìn-ín." Bí mo ti ya ẹnu láti pe orúkọ ara mi, orúkọ náà kò jáde mọ́. Mo pè é, mo pè é, Kì-í-ṣe-Rájí ni mo ń gbọ́.

Inú bí mi. Mo pariwo, "Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀yin àgbà yìí!" Kíá, ètè Etímẹ́fà lẹ̀ pọ̀ bí ẹnu àpò tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Etí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ́n rokoso. Ó fi ìbínú kọ ọ́ sí wàláà, ó gbé e sí mi lójú: "Irú sùúrù wo nìyí? Kí ni o ń pè ní sùúrù nílé rẹ?"

Mo jókòó, mo ronú. Mo rántí Sífáwù, mo rántí abọ́, mo rántí ìkòkò, mo rántí bí ó ti ń da omi òjò síta láàárọ̀ láàárọ̀ fún ọdún mẹ́ta láì sọ mí lórúkọ burúkú. Mo wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Ohun tí ìyàwó mi ń ṣe ni sùúrù. Èmi kò ní i rí. Mo kàn ń pàṣẹ rẹ̀ fún un ni." Ètè Etímẹ́fà là. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "Kì-í-ṣe-Rájí, orí rẹ kò burú tán. Máa kọjá."

Ìrìn ọjọ́ kan ni mo rìn kí n tó kan odò. Kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo ká ṣòkòtò, mo ní, "Màá kọjá odò yìí nísinsìnyí, inṣa Allahu." Odò náà gbọ́, ó gbé ara rẹ̀ ńlẹ̀, ó sún sẹ́yìn bí ìyàwó tuntun tí àna rẹ̀ ń bọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Mo ní, "Màá kọjá, inṣa Allahu!" Ó tún sún. Ọ̀sán gangan ni mo bẹ̀rẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀ kí ó tó yé mi pé ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti túmọ̀ sí "n kò ní í ṣe é" lẹ́nu mi, odò náà kò sì ṣe ju kí ó bá mi mú àdéhùn ṣẹ. Mo fi ìdí jókòó, omijé sì bọ́ lójú mi, nítorí pé Àlàrùbá ti ń lọ, Jímọ̀ sì ń bọ̀.

Ìyá ànjọ̀nú kan wà ní òdìkejì tí ó ń ṣe àlùwàlá. Nítorí pé ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, búútà mẹ́rin ni ó tò sílẹ̀. Ó ti ń wò mí bọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó ń lé ọ, tí o ń lé odò?"

Mo ní, "Ẹ gbà mí, Ìyá. Inṣa Allahu mi ni ó bàjẹ́."

Ìyá Alábúútà rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó ti fọ̀ fi tún wọ ẹrẹ̀. Ó ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ìyẹn ni ó túmọ̀ sí."

Mo ní, "Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìyá, mo mọ ìyẹn!"

"Ẹnu rẹ ni ó mọ̀ ọ́n. Gbọ́ mi, ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó máa ṣe nǹkan ni ó ń sọ ọ́. Ó ti mú ọkọ́, ó ti ká apá aṣọ, ó wá rántí pé agbára òun ní òpin, ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ìwọ kò mú ọkọ́, o kò ká apá aṣọ, o wá gbé ọ̀lẹ tìrẹ, o fi lé Ọlọ́run lọ́rùn pé Òun ni kò fẹ́. Ki ẹsẹ̀ bọ omi ná, kí ẹnu tó tẹ̀ lé e!"

Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi. Mo ní, "Bisimilai," ni àgbọ̀n mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ omi odò gbùmùgbùmù, nítorí pé ìdí ọkà nìkan ni mo ti máa ń sọ ọ́. Ìyá Alábúútà dì mọ́ igi, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. Ó kígbe pé, "Ní orúkọ Ọlọ́run ni! Iṣẹ́ gbogbo ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan!" Mo ronú kan iṣẹ́, mo tún un sọ, àgbọ̀n mi sinmi. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì, mo ní, "Mò ń kọjá lọ, inṣa Allahu." Odò dúró. Omi mu mí dé àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, mo fi ipá là á kọjá, mo sì jáde sí òdìkejì. Kò ṣí sẹ́yìn mọ́, kò sì tún dẹ̀ fún mi.

Ọ̀sán Àlàmísì ni mo dé mọ́sálásí àwọn ànjọ̀nú. Wọ́n ti tò sí sàfù láti kírun Àíílà: àwọn kan ga tó igi àràbà, àwọn kan kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, gbogbo wọn sì fi èjìká kan èjìká. Lemọ́mù wọn jẹ́ arúgbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ tí wọ́n fi ká a lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ̀ ẹ́. Mo bọ́ sínú sàfù, ó yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ dúró gbọọrọ. Ẹ dá àníyàn yín."

Èyí nìkan ni ó dá mi lójú nínú gbogbo ẹ̀sìn mi. Láti ìgbà tí mo ti ń kírun, tí wọ́n bá ti ní kí n dá àníyàn, màá fajú ro, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àníyàn gidigidi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe é, ó sì máa ń rẹ̀ mí kí a tó dé rúkúù. Mo fajú ro. Mo ṣe àníyàn òrùlé, omi òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó, sórí fìlà mi. Mo ṣe àníyàn ewúrẹ́ mi tí ó sọnù, ewúrẹ́ náà yọ, ó ń ké mèé láàárín sàfù. Mo ṣe àníyàn eyín mi tí ń dùn mí, ànjọ̀nú tí ó wà lápá ọ̀tún mi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní "Yéè!" Lẹ́yìn náà mo ṣe àníyàn Sífáwù, mo sì rí i. Ó gbé ẹrù rù, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń gba iwájú mọ́sálásí lọ láì bojú wẹ̀yìn. Igbe bọ́ lẹ́nu mi.

Lemọ́mù yíjú padà. "Ta ni ó kó òjò àti ewúrẹ́ wọ mọ́sálásí?"

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá. Ẹ ní kí á dá àníyàn."

"O sì dá kí ni?"

"Mo ronú kan gbogbo ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́. Bí mo ti máa ń ṣe é nílé nìyẹn."

Gbogbo sàfù bú sí ẹ̀rín. Àwọn gíga wó lu àwọn kúkúrú, fìlà já bọ́ bí ọsàn tí ó pọ́n, ewúrẹ́ mi pàápàá ń wò mí tìyanutìyanu. Lemọ́mù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdún mélòó?" Mo ní, "Mẹ́tàlélógún." Ó ní, "Ọlọ́run yóò gbà á pẹ̀lú làálàá rẹ̀. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì lẹ́nu ẹ̀yin Yorùbá. Ìpayà ọkàn, ẹ ń pè é ní àníyàn. Àmọ́ èyí tí à ń wí níhìn-ín ni ìpinnu ọkàn: kí o mọ ohun tí o fẹ́ ṣe, kí o mọ Ẹni tí o ń torí rẹ̀ ṣe é, kí o sì kọjú ọkàn rẹ sí i kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tí ó kọjá lọ yẹn, ìyàwó rẹ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Àníyàn ìpayà rẹ ni ó ti jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kò tíì di àníyàn ìpinnu rẹ rí." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju ọta lọ. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì tijú. Nígbà tí mo sunkún tán, mo dúró, mo pinnu ìrun Àíílà, mo kí i, ìyẹn sì ni ìrun àkọ́kọ́ tí mo kí láyé mi tí kò rẹ̀ mí.

Ọ̀nà àbọ̀ kúrú. Etímẹ́fà bi mí ní orúkọ ní ibodè, mo ní, "Rájí," mo sì pa ẹnu dé. Ó kọ ọ́ sí wàláà pé òótọ́ ni, ó ṣí ọ̀nà fún mi.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo wọ Ìdí-Emi, ilé mi ni mo sì kọ́kọ́ kàn. Mo rí ìhò tí ó wà lórí òrùlé, mo wo ojú ọ̀run, ó ṣú dẹ̀dẹ̀. Ilé Ààfáà wà ní òpin ìlú. Bí mo bá sáré lọ, màá bá a kí ó tó lọ kírun, màá sọ ìtumọ̀ fún un bí ó ti ní kí n sọ ọ́, kò sì ní í tú yìgì. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé: kí ni màá gbé lọ bá Sífáwù? Ọ̀rọ̀ tún ni. Ẹ̀rù bà mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Mo dá àníyàn mi, mo ní Bisimilai, mo gbé àkàbà, mo kó koríko bẹ́ẹrẹ àti okùn, mo gun òrùlé. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ládàánì pe ìrun Jímọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá wọn kírun ní ẹ̀yìn pátápátá, bí wọ́n sì ti sálámà, mo sáré padà sórí òrùlé.

N kò tíì rán bẹ́ẹrẹ ogún tán tí mo fi gbọ́ ohùn Ààfáà nísàlẹ̀. "Rájí! Jímọ̀ ti kọjá!" Ó ti dé, òun àti ẹlẹ́rìí méjì, Sífáwù sì wà lẹ́yìn wọn.

Mo ní, "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú pé n kò lè dọ̀bálẹ̀. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ níbí, ẹ̀yin ni màá já lé lórí."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí rẹ́rìn-ín, Ààfáà wò ó, ẹlẹ́rìí náà sì gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì. Sífáwù kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìhò, ó wo ìdajì tí mo ti bò, ó wo ọwọ́ mi tí okùn ti bó. Ó ní, "Àdìgún, ṣé o máa parí ẹ̀ lónìí?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, ó dúró síbẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí ó ti ń gbọ́ nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo fa okùn le, mo ta kókó, mo mú bẹ́ẹrẹ mìíràn, mo sì sọ ọ́ bí mo ti ń rán an lọ: "Inṣa Allahu, Àbẹ̀kẹ́."

Sífáwù tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na bẹ́ẹrẹ sí mi lókè.

A ṣe é, a ṣe é. Bí a ti dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, òjò tú dà sílẹ̀ wìì, bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wá. Mo yọ̀ ṣubú láti orí àkàbà, gbogbo wa sáré wọlé, Ààfáà, ẹlẹ́rìí méjì, èmi àti Sífáwù, a há sábẹ́ ibi tí mo ti bò, omi sì ń dà gbàràgbàrà ní igun kan tí ó kù. Ojú tì mí. Mo ní, "Bàbá, mo sa gbogbo ipá mi."

Ààfáà na ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan bẹ́ẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Mo rí i. Ibi tí Ọlọ́run fẹ́ ẹ dé lónìí nìyí. Ìyẹn ni ìtumọ̀ rẹ̀, Rájí, o kò tún ní láti sọ ọ́ fún mi mọ́." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Sífáwù, kí ni kí n ṣe sí yìgì yìí?"

Sífáwù wo igun tí ó ń jò, ó wo ibi tí ó gbẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹ́rìí yín, ẹ máa lọ ilé tí òjò bá dá. Ibi tí ó gbẹ yìí kò gba èèyàn márùn-ún, èèyàn méjì ló gbà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀bi ọ̀lẹ yín ru Ọlọ́run, kò jẹ yín ní gbèsè òrùlé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ bi ààfáà nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà nínú ilé, nítorí igbó jìn. Èyí tí ẹ bá sì mọ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín bá ẹnu yín sọ ọ́. Ẹ dìde wàyí, kí oníkálukú lọ bá ìlérí tí ó ń dúró dè é nílé, kí ẹni tí ẹ ṣe é fún sì bá yín lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.